Ẹ̀yìn Ni Ó Dúró Sí: Ìtàn Sun Jihai, Agbábọ́ọ̀lù Ọmọ Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ti bọ́ọ̀lù, ọmọdé ni gbogbo wa. Iwájú nìkan ni a máa ń wò. Bí a bá pé jọ sí ìdí tẹlifíṣàn ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ ẹni tí ó gbá góòlù wọlé ni a ó fi pariwo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá ní ẹ̀yìn kí ó tó di pé ó dé iwájú, kò sí ẹni tí ó máa ń rántí rẹ̀. Ní sáà tí ó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa mélòó kan lórí irú agbábọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bákì kò ní ìtàn, góòlù ni ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé bákì ni èmi náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èyí ni ó mú mi wá ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Ìdáhùn mi ni pé nínú ìtàn Sun Jihai, ohun méjì tí ó ń da àwa òǹwòran láàmú pàdé: góòlù kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń kà sí i lọ́rùn, àti oyè kan tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí títí di òní bóyá ó tọ́ sí i tàbí kò tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ rẹ̀, nítorí a kì í ka ìmọ̀ Yorùbá kí á fojú fo orúkọ. Sun ni orúkọ ìdílé. Jihai ni èyí tí àwọn òbí sọ ọ́. Orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn nínú àwọn tí ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù a máa kọ Jihai nìkan sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìdílé àwọn yòókù sí. Wọn kò ní i lọ́kàn láti rí i fín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí orúkọ jẹ́ yóò mọ̀ pé àlejò ni ọkùnrin náà ní ibi tí ó ti ń jẹun.

Ìlú Dalian, ìlú èbúté kan ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, ni a bí i sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Ní ọdún 1985 tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Nàìjíríà gba ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ní ìlú Beijing, tí wọ́n na Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo, Sun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ayé ìgbà náà, kò tíì sí bọ́ọ̀lù tí a ń fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó dá irú líìgì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ Dalian Wanda ni ó sì kọ́kọ́ gbégbá orókè. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Sun ti di géńdé. Láàárín ọdún 1995 sí 1997, ìdíje líìgì 55 ni ẹgbẹ́ náà gbá láìfìdírẹmi. Ẹ tún un kà: 55. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe irú èyí bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń jò.

Ní ọdún 1998, Terry Venables, tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Crystal Palace ní ìlú London, mú ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà méjì wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà. Fan Zhiyi ni ọ̀kan, ará Shanghai, ẹni tí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ju Sun lọ. Sun ni èkejì. Ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì ń gbá. Kò sí ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí kí àwọn méjì yìí tó dé. Ìpín kejì ni Palace wà nígbà náà, gbèsè sì ti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ náà lé àwọn alábòójútó gbèsè lọ́wọ́. Fan dúró, ó ṣe é títí di 2001, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Éṣíà. Sun ní tirẹ̀ padà sí Dalian ní 1999. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà yóò rò pé àjò ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ilé tí ó padà sí yìí ni ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní ilẹ̀ Ṣáínà. Bora Milutinović, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà tí ó kó àwọn Super Eagles wa lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1998, ni ó wá ń tọ́jú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2001, ní ìlú Shenyang, wọ́n na Oman pẹ̀lú góòlù 1 sí òdo, wọ́n sì rí ọ̀nà lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ìgbà àkọ́kọ́ náà ni ìgbà ìkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ọdún 2002 mọ bí ó ti rí: Costa Rica fi góòlù 2 nà wọ́n, Brazil fi 4, Tọ́kì fi 3, ilẹ̀ Ṣáínà kò sì rí ẹyọ kan gbá wọlé. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ pẹ̀lú Costa Rica ni Sun ti fara pa kí ó tó di ìdajì àkókò. Ó jáde, kò sì tún wọlé mọ́ nínú ife ẹ̀yẹ náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2002 kan náà ni Kevin Keegan ti rà á fún Manchester City ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 pọ́ùn. City ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe City òní. Ìpín kejì ni wọ́n wà, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ní òpin sáà náà pẹ̀lú máàkì 99. Ó tọ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ife ìpín kejì yìí nìkan ni Sun gbà ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yìn ọ̀tún ni ipò rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, bí ẹni ẹ̀yìn òsì bá ṣàìsàn, Sun ni wọn yóò gbé lọ síbẹ̀. Bí àárín ẹ̀yìn bá ṣófo, òun náà ni. Nígbà mìíràn wọn a tì í síwájú díẹ̀ láti ran àwọn aláàárín lọ́wọ́. Nínú ilé wa, a mọ irú ọmọ yìí. Òun ni wọ́n ń rán ní gbogbo iṣẹ́, bí ọjọ́ ìjẹun bá sì tó, wọn a gbàgbé láti pè é.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2002, nínú ìdíje City pẹ̀lú Birmingham City, Sun fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. City borí pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo. Kò sí ọmọ Ìlà-Oòrùn Éṣíà kankan tí ó ti gbá góòlù nínú Premier League ṣáájú ọjọ́ yìí. Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, góòlù orí yìí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkùnrin tí ó gbá ìdíje líìgì 130 fún ẹgbẹ́ kan, ẹ kò lè fi ìṣẹ́jú kan péré wọn gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2003, City lọ bá Everton ní Liverpool. Li Tie, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà mìíràn, wà ní Everton. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà méjì yóò kojú ara wọn nínú Premier League. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé àwọn tí ó wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Ṣáínà ju 300 mílíọ̀nù lọ. Bí a tilẹ̀ dín in kù sí ìdajì, ó ṣì ju gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Góòlù 2 sí 2 ni wọ́n gbá. Nínú gbogbo góòlù wọ̀nyí, kò sí èyí tí Sun tàbí Li gbá, síbẹ̀ nítorí wọn ni ogunlọ́gọ̀ náà ṣe jókòó. Àwọn tí ń ta ọjà mọ èyí ju àwa lọ.

Ọjọ́ tí ó wù mí jù lọ nínú ìtàn yìí ni ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2004. Chelsea wá sí Manchester. Chelsea ọdún náà kì í ṣe ẹran rírọ̀: máàkì 95 ni wọ́n kó, góòlù 15 péré ni wọ́n jẹ́ kí ó wọ ilé wọn ní odidi sáà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a nà wọ́n nínú líìgì náà, City ni ó sì nà wọ́n, 1 sí òdo. Anelka ni ó gbá pẹ́nárítì náà wọlé, orúkọ Anelka ni ó sì wà nínú gbogbo ìwé. Ṣùgbọ́n kí 1 tó lè tó ẹni ṣẹ́gun, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí sí i pé òdo dúró ní òdo. Ibi tí Sun ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni iṣan orúnkún rẹ̀ ti já. Sáà náà parí fún un ní ọjọ́ yẹn. Orúkọ ẹnìkan wọ ìwé góòlù, ti ẹnìkejì wọ ìwé ilé ìwòsàn.

Ó padà, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí ti ń dé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2008 ó kọjá sí Sheffield United. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, owó Abu Dhabi wọ City. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí Sun fi pàdánù rẹ̀! Ó padà sí ilé ní 2009, ó gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, ó sì gba ife ẹ̀yẹ FA ilẹ̀ Ṣáínà pẹ̀lú Guizhou Renhe ní 2013, nígbà tí ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ní 2016 ni ó fi bàtà rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, Ààrẹ Xi Jinping ṣe àbẹ̀wò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yà ní Manchester City. Ní àkókò àbẹ̀wò yìí gan-an ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Bọ́ọ̀lù tí ó wà ní Manchester kéde pé àwọn ti fi Sun Jihai sí ara àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo ta. Àwọn kan bi í pé ife wo ni ó gbà, pé àwọn akọni tí ó gba ife Yúróòpù ṣì wà ní ìta. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ṣáínà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 265 pọ́ùn ra ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tí ó ni City. Àwọn aríwísí ní ẹ ò rí i bí?

Èrò tèmi ni pé àwọn aríwísí kò purọ́ nípa ọjọ́ náà. Àlejò pàtàkì ni ó mú kí oyè náà tètè yá. A ti rí irú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìwúyè kọ́ ni iṣẹ́ olóyè. Bí ó bá jẹ́ ife ni a fi ń wọ̀n, Sun kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a ó wo ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà, tí ó sì pẹ́ lójú ọ̀nà náà, ta ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e wá sí Premier League kò pọ̀, kò sì sí èyí tí ìdíje rẹ̀ níbẹ̀ tó tirẹ̀. Mo gbà pé èyí tún jẹ́ ìbànújẹ́ díẹ̀ nínú ìtàn náà, nítorí ọ̀nà tí ó là ti ń hu koríko.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi tí ó ní bákì kò ní ìtàn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé góòlù mélòó ni ọkùnrin náà gbá fún City lápapọ̀. Mo ní mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ fún ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn yìí kí ẹ bá a tẹ̀ ẹ́.