Àkànní, Ẹ̀rọ Rẹ Ń Pariwo, Kò Gbọ́ràn

Àkànní, ọkọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí ò ń jágbe mọ́ yẹn kò sí ní Ajah, kò rí kọ̀ǹpútà rẹ, ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló ń kà sí ọ létí. Ó ní kí o pa ráútà kí o tún un tàn. O pa á, o tàn án. Ó ní kí o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. O tún un ṣe. Ọmọ ọlọ́mọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ìwọ ń fi ariwo dí i létí. Jọ̀ọ́, dágbére fún un. Àǹtí rẹ ti dé.

Àbí o ti gbàgbé iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì? Ọdún 1985 ni wọ́n da ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tí wọ́n sọ ọ́ di NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ibẹ̀ ni irun mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá ibi tí ohùn ti ń sọnù. Ìwọ wá ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ràn nínú ṣọ́ọ̀bù, o ò pè mí! Ẹnu ìyàwó rẹ ni mo ti gbọ́, má sì bá a jà o, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní o ti fọ́ọ̀máàtì ẹ̀rọ náà. Ó ní o wọ ọkọ̀ láti ibí dé Computer Village ní Ìkẹjà, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí yìí, o lọ ra káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, o fi í sínú ẹ̀rọ, etí ẹ̀rọ ò là. O ti dé Sókótó, o ò tíì ki ọwọ́ bọ àpò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé o ń sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà pé wáyà abẹ́ òkun ló já. Lóòótọ́, wáyà abẹ́ òkun ń já o. Ṣebí ojú gbogbo wa ló ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báǹkì ń rìn gbẹ̀rẹ̀, owó kò ráyè lọ, kò ráyè bọ̀. MainOne yẹn gan-an, etíkun Lẹ́kí níbí ló ti wọ ilẹ̀ lọ́dún 2010, ó ti rin nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Portugal kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Equiano tí Google fà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano pè, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, kò já ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì sá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Torí náà mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkun níbí, kò ní pẹ́ nawọ́ sí òkun bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n fi ọkàn bá mi lọ. Lọ́jọ́ tí wáyà mẹ́rin yẹn bàjẹ́, ráútà tó wà lórí pẹpẹ rẹ yìí ṣì ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà. Kò nílò òkun láti ṣe ìyẹn. Wáyà tó gba ojú fèrèsé lọ sí yàrá ẹ̀yìn nìkan ló nílò. Ẹ̀rọ tìrẹ ńkọ́? Wo àdírẹ́sì tó gbé sọ́rùn: 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kígbe sí gbogbo ilé pé kí ẹnì kan fún òun ní àdírẹ́sì. Kò gbọ́ èsì. Ó tún kígbe, kò gbọ́. Ló bá mú ọ̀kan fún ara rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí kò rẹ́ni dá a lóhùn. Ẹjọ́ náà kò tíì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, Àkànní! Ẹ̀rọ mẹ́ta yòókù wà lórí súwíìṣì kan náà tó so gbogbo wọn mọ́ ráútà, àwọn ọmọ ń fi wọ́n wo èsì WAEC bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Báwo ni wáyà abẹ́ òkun ṣe mọ ẹ̀rọ yìí lójú tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló bá jà?

Sún mọ́bí. Ṣí Ethernet Status. Sent wà lápá òsì, Received lápá ọ̀tún. Wo Sent, ó ń gòkè. Wo Received: òdo. Èyí ló yẹ kí o wò kí o tó ná kọ́bọ̀ kan. Bí méjèèjì bá jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ pé wáyà ò wọlé dáadáa. Bí méjèèjì bá ń gòkè tí ojú ìwé ò sì ṣí, fi káàdì sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ibòmíràn ni kí o wò. Ṣùgbọ́n bí Sent bá ń lọ tí Received jókòó, ẹ̀rọ ń pariwo, kò gbọ́ràn ni. Ọmọ tó ń lo Linux lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ, "ip -s link" ni kó tẹ̀. RX ni ohun tó wọlé, TX ni ohun tó jáde. Sent yẹn náà, má gbà á gbọ́ tán o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ ti ju ọ̀rọ̀ síta. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni he é.

Ìyàwó rẹ tún ní o ping 127.0.0.1, ó dáhùn, o wá ń yangàn pé káàdì ò ní nǹkan kan. Háà! Ara rẹ lo pè, ìwọ náà lo dáhùn. Ìpè yẹn kò dé ọ̀dọ̀ káàdì rárá, inú Windows ló ti yípo. O tún lọ sórí ẹ̀rọ kejì, o pe èyí láti ibẹ̀, kò dáhùn, o ní ó ti kú. Fáyàwọ́ọ̀lù Windows kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko.

Nígbà tiwa, bí oníbàárà bá ní òun ò gbọ́ ohùn, a kì í sáré lọ pààrọ̀ fóònù rẹ̀. Láti ilé ẹ̀rọ, ohùn ń gba MDF, pátákó tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, kọjá, á dé kábínẹ́ẹ̀tì etí títì, á dé DP, àpótí kékeré tó ń pín wáyà, lórí òpó, kó tó wọ ilé. Kábínẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ ń ṣí. A ó so fóònù ìdánwò mọ́ ọn, a ó tẹ́tí. Bí ohùn bá mọ́ gaara níbẹ̀, a jẹ́ pé apá ilé oníbàárà ni ìjàngbọ̀n wà. Bí kò bá mọ́, apá ọ̀dọ̀ wa ni. Ìdajì ọ̀nà ti bọ́ lọ́rùn rẹ nìyẹn, o ò tíì tú ẹyọ bóòtù kan. Súwíìṣì yìí ni kábínẹ́ẹ̀tì tìrẹ.

Ó yá, yọ wáyà ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn. Má yọ ọ́ lápá súwíìṣì, jẹ́ kó wà nínú ihò tó wà. Ki orí rẹ̀ bọ ẹ̀rọ aláìgbọ́ràn yìí. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn! Ìyẹn ni ìṣòro tìrẹ: o pààrọ̀ káàdì, o fọ́ọ̀máàtì, o tún ráútà tò, gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan náà. Ká ní ó tilẹ̀ jí, kí lo fẹ́ sọ pé ó jí i?

Wò ó. Received ti ń sáré. 169.254 ti lọ, àdírẹ́sì gidi ti wọlé. Káàdì tuntun yè, ó sì dá mi lójú pé ti àtijọ́ náà yè nínú dúrọ́ọ̀ níbi tí o sọ ọ́ sí. Owó Ìkẹjà ti bá omi lọ.

Ká ní kò gbọ́ ni, ìgbà yẹn ni ojú á wá kọ káàdì. A ó wo dráífà rẹ̀. A ó fi káàdì náà sínú ẹ̀rọ mìíràn, torí àárá lè gba inú wáyà wọlé kó pa etí káàdì láìpa ẹ̀rọ. A ó sì wo àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà tí a fi ń dá káàdì mọ̀. Mo ti rí i ní ọ̀nà Badore, ọ̀dọ́kùnrin kan da MAC ẹ̀rọ kan kọ sórí èkejì kó má baà san owó ẹ̀rọ méjì. Súwíìṣì máa ń rántí ihò tí MAC kọ̀ọ̀kan wà, ibẹ̀ ló sì ń darí èsì sí. Bí ilé méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ládùúgbò, ta ni yóò gba lẹ́tà? Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń gba èsì, èkejì á máa pariwo lásán. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó san owó méjì. Ìwọ má dán an wò.

Ká wá gbọ́ tẹnu wáyà. Fà á wá, rọra, má já a. Wo orí rẹ̀: irin wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wọn máa dán. Wo ìkẹta àti ìkẹfà. Ṣé o rí ohun aláwọ̀ ewé tó hù sí wọn lára? Àkànní, Ajah la wà, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń jẹ páànù orí ilé rẹ, tó jẹ ìdè géètì lánlọ́ọ̀dù rẹ títí ó fi já, ṣé wáyà ló máa bọ̀wọ̀ fún? O sì gbé orí wáyà gba ẹ̀yìn AC, níbi tí omi ti ń kán.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: "Àǹtí, iná ń tàn níbẹ̀." Iná ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni. Iná yẹn ń sọ pé apá méjèèjì mọ̀ pé ẹnì kan wà lódì kejì. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń kọjá pé. Nínú wáyà yìí, fọ́nrán mẹ́jọ ló wà, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Súwíìṣì àtijọ́ rẹ yìí, 100 Mbps ló ń sá, ọ̀wọ́ méjì péré ló ń lò nínú ọ̀wọ́ mẹ́rin: èkíní àti ìkejì ni ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀, ìkẹta àti ìkẹfà ló fi ń gbọ́. Bí ẹ̀yin ọmọ òde òní ṣe sábà ń tò ó, aláwọ̀ ọsàn ni ẹnu, aláwọ̀ ewé ni etí. Ẹnu lè yè kí etí máa ṣàárẹ̀. Bí etí bá já pátá, iná á kú, o ò ní ṣe wàhálà, o ó mọ̀. Èyí tí kò já tí kò sì yè ló ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọlé. Báìtì 4 tí wọ́n fi ìṣirò rí wà ní ìrù ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Káàdì á tún ìṣirò náà ṣe. Bí kò bá bá ara mu, á jù ú nù, kò ní sọ fún Windows, kò ní sọ fún ìwọ, Received á jókòó lórí òdo. Lórí Linux, "ethtool -S" sábà máa ń tú àṣírí náà: wá ibi tí wọ́n kọ crc sí, bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ń gòkè, gbá wáyà mú.

Fún mi ní ọ̀bẹ. Rárá, kékeré yẹn. Mo fẹ́ ha ara fọ́nrán kan... ṣé ìwọ náà rí i? Pupa lára, funfun nínú. Alumíníọ̀mù ni, bàbà ni wọ́n kàn fi kùn ún lára. Bàbà gidi, bó ti wù kó o ha á tó, pupa ni. Ẹni tó tà á fún ọ tẹ CAT6 gàdàgbà sí i lára, o sì sanwó CAT6. Alumíníọ̀mù kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ òun kọ́rọ́, á ṣẹ́. Bí iyọ̀ bá sì dé ibi tí òun àti bàbà ti pàdé, kíá ló ń jẹrà. Bí o bá tún fẹ́ ra wáyà, gbé páálí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ wò kí o tó dúnàá dúrà. Èyí tó fúyẹ́, dá a padà fún wọn. Kí o sì ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ níṣojú rẹ, kí o ha á. Bí ọlọ́jà bá bínú, o ti rí ìdáhùn nìyẹn.

Wáyà tuntun, má gbé e gba ẹ̀yìn AC mọ́, má sì jẹ́ kó bá wáyà jẹnẹrétọ̀ rìn pọ̀. Kó tó wọ ojú fèrèsé, jẹ́ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níta dípò kó tẹ̀ lé e wọlé. Bí àárá bá ti ń sán láti ọ̀nà Sangotedo, yọ wáyà lára ẹ̀rọ; pípa iná nìkan ò tó.

Káàdì àtijọ́, dá a padà sínú ẹ̀rọ yìí, kó o má baà tún lọ ra òmíràn. Ti tuntun náà, bí ẹni tó tà á bá gbà á padà, ó dáa. Bí kò bá gbà, a ó fi sínú ẹ̀rọ ìyàwó rẹ, Wi-Fi tó ń lò yẹn kò ṣe é gbójú lé. Ó yá, pè é kó wá di àkàbà mú fún ọ, kí a tú wáyà yìí kúrò lókè kí àwọn kọ́sítọ́mà ìrọ̀lẹ́ tó dé. Èmi á jókòó síbí máa sọ ibi tó o máa gé. Kí ẹnì kan sì wá omi tútù fún mi.