Ẹ Lọ Bi Ilẹ̀: Ohun Tí Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún Ń Sọ Nípa Òjò Ayé Àtijọ́

 

Ṣé ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, nígbà tí omi dá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo wa to bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ de mẹ́rúwà? Ẹnì kan sọ lọ́jọ́ náà pé, "Irú ọ̀dá báyìí ò sí láyé àwọn bàbá wa." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo sọ ọ́ fún bàbá àgbà, tí wọ́n ti ń ta obì ní Sókótó láti ìgbà èwe wọn, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní ojú àwọn ni ọ̀dá 1972 sí 1973 ṣe, tí màlúù ń kú, tí jéró ń gbẹ lóko. Mo ní, "Bàbá, ṣáájú ìyẹn ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ìyẹn, lọ bi ilẹ̀."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń bi ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń dáhùn.

Adágún Bosumtwi

Ní Gánà, nítòsí Kùmásì, adágún kan wà tó ń jẹ́ Bosumtwi. Òkúta ńlá kan ló já bọ́ láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, tó gbẹ́ kòtò ribiti; etí kòtò náà ló di òkè tó yí omi ká. Ibi mímọ́ ni lójú àwọn Asante. Nínú àṣà wọn, irin ò gbọdọ̀ kan omi náà, nítorí náà orí pákó gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní padua ni àwọn apẹja ń jókòó sí.

Odò kankan ò ṣàn jáde níbẹ̀. Òjò ló ń kún un, oòrùn ló ń fà á. Bí òjò bá dín, adágún á fà sẹ́yìn.

Lọ́dọọdún, eruku, ewé àti ẹrẹ̀ ń rọra rọ̀ sísàlẹ̀. Níbi tó jìn, ọ́síjìn ò tó, kò sí kòkòrò tí yóò tú ẹrẹ̀ náà ká. Ìpele ọdún kan á wà lórí ti èkejì bí ewé ìwé. Ní 2004, wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ adágún yìí, wọ́n sì fa ẹrẹ̀ tó gùn ní nǹkan bíi 290 mítà jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?

Àkọ́kọ́, wọ́n á ka ìpele, bí a ṣe ń ka ọdún.

Èkejì ni kẹ́mísírì. Oríṣi ọ́síjìn kan wà nínú omi tó fúyẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 16. Òmíràn wà tó wúwo, tirẹ̀ jẹ́ 18. Bí oòrùn bá ń fa omi, èyí tó fúyẹ́ ló ń yára bá oru lọ, èyí tó wúwo á máa pọ̀ nínú omi tó ṣẹ́kù. Ẹ wo ọbẹ̀ tó pẹ́ jù lórí iná: omi lọ, iyọ̀ kù, ó wá le lẹ́nu. Nǹkan funfun bí ẹfun máa ń dì nínú omi adágún, á mú nínú ọ́síjìn ọdún yẹn, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìpele tí ọ́síjìn wíwúwo bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ọdún ọ̀dá nìyẹn.

Kí ni ilẹ̀ wí?

Ìwádìí tó jáde ní 2009 ka ìtàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ọdún. Ó fi hàn pé ọ̀dá tó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan tilẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ! Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn wà láàárín nǹkan bíi 1400 sí 1750. Omi fà débi pé igi hù níbi tí adágún wà. Nígbà tí òjò padà, omi bo igi náà. Òkú igi yẹn ṣì wà ní òòró nínú omi títí dòní.

Lóòótọ́, Bosumtwi jìnnà sí Sókótó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òjò láti orí òkun kan náà ló ń bọ́ wa. Ní Kajemarum pàápàá, ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n ti ka ẹrẹ̀ àti eruku 5,500 ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà wá dun mi. Ọ̀dá bàbá àgbà, àbúrò kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Bí ọ̀dá ọgọ́rùn-ún ọdún bá tún dé, kí ni ìlú tó gbójú lé odò Rima àti dáàmù Gòróńyò máa ṣe? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó mọ ẹ̀yìn kò ní fi omi ṣòfò, kò sì ní gé igi lásán.

Ẹ dán an wò: Ẹ da yanrìn, ẹrẹ̀ àti omi sínú ike tó mọ́ gaara, kí ẹ mì ín, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èwo ló kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀?

Ìbéèrè:
1. Kí ló dé tí adágún tí kò ní ojú ìṣàn fi dára jù fún iṣẹ́ yìí?
2. Oríṣi ọ́síjìn wo ló ń pọ̀ nínú adágún nígbà ọ̀dá?
3. Bi àgbàlagbà kan nílé léèrè ọ̀dá tó rántí, kí o kọ ọ́ wá fún wa. Ìyẹn náà, ìpele kan ni.