Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti Ìwọ̀nwájúwọ̀nyìn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Pípín Ìró Rẹ́díò Ọkọ̀

Nínú ọkọ̀ èrò tí ń lọ láti Òkìtìpupa sí Ìrèlè, bí orin Comfort Omoge, olórin Ìkálẹ̀ nì, bá ń dún, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ a ní òun kò gbọ́. Èrò ẹ̀yìn, tí sípíkà wà lẹ́bàá etí rẹ̀, a ní kí ó gbé ohùn rẹ́díò wálẹ̀. Olúkúlùkù ni ó jàre. Bí a ti pín ìró náà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ni kò dára, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn ìbá fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní gbangba, bí ènìyàn bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, agbára ìró tí ń dé etí rẹ̀ a di ìdámẹ́rin, èyí tí í ṣe ìdínkù bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6. Nínú ọkọ̀, kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé gíláàsì àti òrùlé ń dá ìró padà. Helmut Haas ará Jámánì, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1951, fi hàn pé ìró tí ó bá kọ́kọ́ dé etí ni ènìyàn fi ń mọ ibi tí ìró ti wá. Ìdí nìyí tí orin fi dà bí ẹni pé iwájú ni ó wà fún awakọ̀, tí ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ni ó ti ń bọ̀ fún èrò.

Kí ni a ó wá pe bọ́tìnnì tí ń ṣe ìpín yìí? Àwọn kan lè dábàá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ì-wọ̀n-ọ̀tún-wọ̀n-òsì. Ọ̀tún àti òsì ti wà nínú rẹ̀! Bọ́tìnnì kejì, tí ń pín ìró sí ọ̀tún àti òsì, ni ó ni ín ní ti ẹ̀tọ́. Bí fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tún àti òsì ti pa jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti iwájú àti ẹ̀yìn yóò ṣe: ìwọ̀nwájúwọ̀nyìn. Ó gùn díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sílébù kan péré ni ó fi gùn ju èkejì rẹ̀ lọ.

“Gbé ohùn sókè” ní ìṣòro tirẹ̀. Ohùn òkè ti di ọ̀rọ̀-ìperí fún ìròkèrodò ohùn nínú ẹ̀kọ́ èdè. Bọ́tìnnì rẹ́díò kò sì lè sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ohùn òkè. Agbára ìró ni kí olùkọ́ máa wí nínú kíláàsì, kí ó fi ti ìgboro sílẹ̀ fún ìgboro.

Nínú ọ̀pọ̀ rẹ́díò ọkọ̀, bí a bá wọ̀n ọ́n síwájú, agbára iwájú kò pọ̀ sí i. Ti ẹ̀yìn ni ó dín kù. Nítorí náà, kí awakọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n síwájú títí ara yóò fi tu èrò ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni kí ó tó fi kún agbára ìró fún etí tirẹ̀.