Odò Dúdú ní Àjàrá

Ní ọjọ́ Sátidé, Adé àti Ṣadé bá bàbá wọn lọ láti Tchaada sí Odò Dúdú ní Àjàrá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́.

Ṣadé bèèrè pé: “Bàbá, kí ló dé tí omi yìí fi dúdú?”

“Ewé tó jábọ́, tó sì jẹrà sínú rẹ̀ ni.”

Adé rí òdòdó òṣíbàtà. Ó dìde láti já a. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!

“Jókòó, ọmọ mi!” ni atukọ̀ wí. “A kì í dìde nínú ọkọ̀.”

Adé jókòó kíá. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Atukọ̀ na ọwọ́, ó já òdòdó náà fún un.

“Ẹ ṣé, bàbá,” ni Adé wí.

Ìbéèrè: Kí ló mú kí ọkọ̀ fì?