Fọ́tò Ilé Wa Lásìkò Ìsinmi Ọdún: Ta Ni Yóò Sọ Orúkọ Wọn?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a mú ẹ̀kọ́ kan jáde kí á lè jọ kà á, kí á sì jọ jíròrò lé e lórí ní ìpàdé. Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe lórí èlé tàbí ẹ̀yáwó. Ó dá lórí iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan tí ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ ṣe: fọ́tò yíyà àti ìtọ́jú fọ́tò.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí iléeṣẹ́ bá ti pa, tí àwọn ọmọ sì gba ọlidé, owó máa ń yára jáde lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni ọjà máa ń pè. Ní ìlú òyìnbó, bí òtútù bá ti sé wọn mọ́lé lóṣù Kejìlá, àwọn mìíràn a máa gbé rélùwéè kékeré jáde láti inú páálí, wọn a to irin rẹ̀ yí pálọ̀ ká, bàbá àti ọmọ a sì jọ máa wa ọkọ̀ náà. Tiwa kò ní láti rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ni ó wà nílé olúkúlùkù wa, yálà nínú álúbọ́ọ̀mù, nínú àpótí ìyá àgbà, tàbí lára ògiri.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: fọ́tò tí kò ní orúkọ, àlejò ni yóò dà nínú ilé onílé tó ni ín. Àsìkò ọdún sì ni àwọn àgbà tó mọ orúkọ náà àti àwọn ọmọ tí yóò jogún fọ́tò náà máa ń wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí ọdún bá kọjá, oníkálùkù á pọkọ̀ tirẹ̀. Bí ọdún mìíràn bá sì dé, ó lè jẹ́ pé ẹni tí à bá bi ní ìbéèrè ti lọ.

1. IBI TÍ FỌ́TÒ TI WÁ

Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà fọ́tò yíyà ti Louis Daguerre fún gbogbo ayé ní ìlú Paris. Iṣẹ́ olówó ni nígbà náà. Ní 1888 ni George Eastman ará Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà Kodak jáde. Ní 1900, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Brownie jáde, kámẹ́rà alápòótí kékeré tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan péré. Láti ìgbà náà ni mẹ̀kúnnù ti lè máa fi fọ́tò ṣe ìgbafẹ́ nílé.

Ọ̀kan nínú irú kámẹ́rà Brownie bẹ́ẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, rà ní ọdún 1950. Aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń lò ó. Ní 1954, ó rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Mínísítìrì Ìròyìn. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin wa, ó sì yà á títí ó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò. Ó di olóògbé ní 2014. Irun mìíràn wà tí onídìrí kò dì mọ́ lónìí, àfi kí á wò ó nínú fọ́tò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló kó wọn jọ, bí owó ìfipamọ́ oṣooṣù tiwa gan-an.

Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá náà ní ọgbọ́n tiwọn. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn lẹ́yìn ìwádìí tó ṣe, tó fi dé Ìlá-Ọ̀ràngún. Nínú ohun tó rí ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tó kù lẹ́yọ, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọn a yà á, wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á.

Ẹ wá wò ó o. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn fọ́tò náà, ọmọ-ọmọ tó bá rí i yóò ní ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì dàgbà. Fọ́tò kò purọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá sọ̀rọ̀.

2. FỌ́TÒ YÍYÀ NÍLÉ

Lónìí, kámẹ́rà ti wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ wa. Kò dìgbà tí a bá ra òmíràn. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ kíyè sí:

(a) Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Àsìkò ọyẹ́ nìyí, eruku pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, kí ẹ tó fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ nù ún. Eruku ọyẹ́ a máa ha ojú rẹ̀ bí a bá fi agbára nù ún.

(b) Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú ẹni tí ẹ ń yà. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ọ̀sán gangan kò dára, nítorí òjìji á bo agbárí ojú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, tàbí abẹ́ ìbòòji ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

(d) Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ funfun. Bí léèsì funfun bá gba gbogbo ojú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ènìyàn á sì dúdú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù kí ẹ tó yà á, fóònù á tún ìmọ́lẹ̀ náà ṣe.

(e) Ẹ sún mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí kámẹ́rà bá ojú rẹ̀ dọ́gba.

(ẹ) Ẹ má ya àwọn tó wọ aṣọ ọdún nìkan. Ẹ ya ìyá àgbà níbi tó ti ń lọ ata. Ẹ ya ojúde ilé ogún kí wọ́n tó wó o láti kọ́ tuntun. Ẹ ya ọwọ́ baba níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ ọdún á tún wá, ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ tí wọ́n bá wó kò ní padà mọ́.

3. ORÚKỌ NI PÀTÀKÌ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé àpótí fọ́tò jáde. Ẹ fi àgbà ilé jókòó síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí ọmọ kan máa mú fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkejì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè márùn-ún ni: Àwọn wo nìyí, láti apá òsì dé apá ọ̀tún? Níbo ni? Nígbà wo? Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà? Ta ló yà á?

Àwọn àgbà lè má rántí ọdún. Ẹ má fi ipá bi wọ́n. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wá a: “Mọ́mì, ṣé a ti ń ná náírà nígbà yẹn, àbí pọ́ọ̀n ni?” Oṣù Kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. “Bàbá, ṣé apá òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà?” Oṣù Kẹrin 1972 ni a bọ́ sí apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. “Ṣé wọ́n ti bí Bùọ̀dá?” Báyìí ni ẹ ó fi rí ọdún náà, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ni í lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò.

Bí àgbà méjì kò bá fẹnu kò, ẹ má dá ẹjọ́. Ẹ kọ ti ẹnì kìíní, ẹ kọ ti ẹnì kejì. Ẹ má sì ṣe é títí yóò fi sú wọn. Fọ́tò mẹ́wàá lálẹ́ kan tó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn fọ́tò mìíràn á mú omijé wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Pẹ́ńsùlù tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, ní etí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò a máa yọ sójú fọ́tò, íńkì rẹ̀ a sì máa ràn. Bí ẹ̀yìn fọ́tò bá ń yọ̀ tí pẹ́ńsùlù kò mú un, ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé, kí ẹ sì fi fọ́tò náà sínú rẹ̀.

4. ÌTỌ́JÚ

Fàdákà ló wà nínú fọ́tò dúdú àti funfun àtijọ́. Aró ló wà nínú fọ́tò aláwọ̀ mèremère, aró a sì máa ṣá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fọ́tò aláwọ̀ ti ọdún 1970 sí 1979 fi ń pọ́n, nítorí aró kan nínú rẹ̀ ti ṣá ju àwọn yòókù lọ. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá wọn. Ẹ má kó wọn sí àjà lábẹ́ páànù, ẹ má kó wọn sí tòsí ilé ìdáná, ẹ má sì gbé àpótí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí omi àti ikán.

Álúbọ́ọ̀mù tí ojú ìwé rẹ̀ ń lẹ̀, tí ọ̀rá bò mọ́lẹ̀, a máa ba fọ́tò jẹ́ bó bá pẹ́. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má ṣí i, ojú rẹ̀ á bó. Ẹ ya òmíràn láti orí dígí náà. Ẹ má fi omi tàbí ọṣẹ fọ fọ́tò. Èyí tí ọyẹ́ bá mú ká, ẹ má fi ipá nà án. Bí ẹ bá rí nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ má sọ ọ́ nù o. Ìyá fọ́tò ni. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú.

Láti fi fóònù ya fọ́tò àtijọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ti ràn tààrà, ẹ pa iná kámẹ́rà, kí fóònù sì dọ́gba pẹ̀lú tábìlì. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú fóònù kan ṣoṣo, nítorí olè ń bẹ, fóònù a sì máa bọ́ sómi. Ẹ ṣe é ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

5. OWÓ TÍ YÓÒ NÁNI

Pẹ́ńsùlù kan, ìwé ìkọ̀wé kan, àpòòwé díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá owó nítorí kámẹ́rà tuntun. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ní ohun tó wà fún. Ẹni tó ń jẹ tó sì ń ṣẹ́kù ni à ń pè ní alájẹṣẹ́kù. Orúkọ àwọn tó ti lọ náà wà lára ohun tó yẹ kí á ṣẹ́ kù fún ọmọ.

Ní ìpàdé oṣù Kìíní, kí olúkúlùkù mú fọ́tò kan wá, pẹ̀lú ìdáhùn ìbéèrè márààrún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní fọ́tò òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí rí, a ó fi fóònù ya tirẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, a ó sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Fọ́tò mélòó ló wà nílé yín tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀?
2. Ta ni àgbà ilé yín tó lè dáhùn, níbo ló sì máa ti ṣe ọdún?
3. Kí ni ìdí tí aṣọ funfun fi máa ń mú ojú dúdú nínú fọ́tò?
4. Níbo ni àpótí fọ́tò yín wà báyìí, ṣé ibẹ̀ gbẹ?



Akọ̀wé, lórúkọ Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́