Aláǹgbá inú fóònù

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìka wa nìkan ni ẹnu ògiri fóònù: bí a kò bá ti tẹ ohun tí àjèjì fi ránṣẹ́, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àwòrán tàbí fídíò tó hàn sí wa, fóònù ti kọ́kọ́ tú u wò. Fáìlì a sọ bí òun ṣe pọ̀ tó, fóònù a sì wá àyè sílẹ̀ fún un. Bí fáìlì bá wá purọ́, tó ní kọ́ńgò gàrí kan lòun, tó sì da kọ́ńgò márùn-ún sílẹ̀, èyí tó kún jù lè dà sórí ibi tí fóònù ti ń gbàṣẹ, ẹni tó fi í ránṣẹ́ sì lè di onílé. Irú àlàfo yìí ni Joshua Drake tú síta lọ́dún 2015 nínú Stagefright, apá Android tó ń bójú tó fídíò. Fóònù tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù 900, àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé fídíò dání sì lè ṣiṣẹ́ ibi náà kí olóhun tó ṣí i.

Ẹnìkan lè ní, "Ta ló mọ̀ mí ní Ìkọ̀lé tí yóò wá dọdẹ mi?" Òótọ́ ni pé àwọn ohun èlò olówó ńlá kì í ṣe ti aláta. Ní Tógò, nítòsí wa níbí, Bíṣọ́ọ̀bù Benoît Alowonou wà lára àwọn tí wọ́n fi Pegasus, ọ̀kan nínú irú ohun èlò amí bẹ́ẹ̀, dọdẹ lọ́dún 2019. Inú ìpè WhatsApp ni àlàfo yẹn wà: kí ìpè náà wọlé ti tó, kò dìgbà téèyàn bá gbé e. Nǹkan bí 1,400 fóònù ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kéde àtúnṣe, àwọn olè náà ń gbọ́, wọ́n sì ti mọ ibi tí ògiri ti lanu. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò tíì ṣe update ló kù fún wọn, ìbáà jẹ́ onípíọ́ọ̀sì ní Ìdó tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwọn kan á ní dátà tí wọ́n fi ń ṣe update wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, n kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ fídíò "ẹ káàárọ̀" tí ń wọlé fúnra wọn láti inú gúrúùpù ń jẹ dátà lójoojúmọ́. Ẹ lọ sínú WhatsApp, ẹ dá ìwọlé tipátipá wọn dúró, kí ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ṣe update. Èyí tó le jù ni ti fóònù tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ kẹ́yìn wọlé. Bí ó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta, owó tó rọjú yẹn kì í ṣe èrè. Ẹni tí kò bá sì rówó ra òmíràn, kó máa fi í pe èèyàn, kó yọ áàpù báǹkì kúrò lórí rẹ̀.