Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì í Ṣe Mímì fún Adìyẹ

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí òbí kan bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé àdáni kékeré, tó wo ilé ilẹ̀ tí wọ́n pín sí kíláàsì, tó rí i pé gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ kò kún gbàgede, tó sì yí ẹ̀yìn padà tó ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ mi níbí?" Ìbéèrè náà dára. Ibi tó ti ń wá ìdáhùn rẹ̀ ni èmi kò fara mọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń wò, àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sí lára, àti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń fi imú sọ. Èmi á fẹ́ kó béèrè nǹkan kan péré: àgbàlagbà mélòó nínú ọgbà yìí ni yóò lè sọ ohun tí ọmọ mi fẹ́ràn, láì kọ́kọ́ lọ wo ìwé?

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọmọ 35 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ tíṣà kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ilé-ìwé ìjọba láàrin ìlú ńlá mọ̀ pé kíláàsì mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Tíṣà tó ní àádọ́rin ọmọ níwájú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ ọmọ tó ń gba ipò kìíní, ó sì mọ ọmọ tó ń pariwo. Àwọn tó wà láàrin ni kò mọ̀, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù. Ọmọ tí kì í nawọ́, tó gba 52 ní táàmù yìí, tó gba 54 ní táàmù tó tẹ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ó lè jẹ́ òun ló ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ nílé, tó sì ń tò ó padà. Níbi tí ọmọ méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wà, kò ríbi sá pamọ́ sí. Tíṣà á rí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìka kò dọ́gba, a sì máa ń sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí a tó padà lọ fi ìdánwò ẹyọ kan díwọ̀n gbogbo ọmọ.

Kíkéré nìkan kò tó, ó yẹ kí n tètè sọ ọ́. Ilé-ìwé wà tí ọmọ kíláàsì kò ju mẹ́wàá lọ, tó jẹ́ pé nóòtì ni wọ́n ń dà kọ láti àárọ̀ títí agogo á fi lù. Ó rọrùn láti rí ọmọ níbi tí ènìyàn kò pọ̀ sí, àmọ́ bí ẹni tó rí i kò bá fún un ní ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe, kí ni rírí náà jẹ́? Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi máa ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, níbi tí Tai Solarin àti aya rẹ̀, Sheila, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956. Ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Solarin tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ilé-ìwé ló mú un fi ibẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni wọ́n sọ ilé-ìwé tuntun náà. Kò sí ìjọ kankan lẹ́yìn wọn tí yóò máa fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń ro oko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń yọ búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ wọn sì wà nínú kíkọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń lò.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò sọ iṣẹ́ di ìyà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa títí dòní, ìgbà tí ọmọ bá pẹ́ dé ni àdá máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gé koríko náà, ó sì kórìíra koríko títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní Mayflower, oko jẹ́ ẹ̀kọ́ bí ìṣirò ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í pẹ́ tí ìyàtọ̀ wọn á fi yọjú. Ọ̀kan á máa ka iye ẹyin tí adìyẹ yé lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó rán an. Òmíràn kò ní fẹ́ kúrò nídìí okùn tí wọ́n fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ̀kẹta ló ń dá orin tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ tí oòrùn kò fi mọ̀ wọ́n lára. Tíṣà tó bá lajú á ti mọ irú ìwé tó yẹ kí òun fi sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi kò ní kí gbogbo ilé-ìwé dà bíi Mayflower. Ojú tí Solarin fi wo ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ òbí, Mùsùlùmí àti Kristẹni, kò gbà á nígbà náà, wọn kò sì gbà á lónìí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìjọba ti gba ilé-ìwé náà láti àwọn ọdún 1970, ó sì ti di ńlá. Solarin kú ní 1994, Sheila tẹ̀ lé e ní 2012. Àmọ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kó lè mọ ohun tí ọwọ́ náà fẹ́, ìyẹn kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, àwọn fádà Àgùdà kan, tí Kevin Carroll wà lára wọn, ṣí ibi iṣẹ́ kékeré kan fún àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ọdún méje péré ló fi wà. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti jókòó ti George Bandele, ọmọ Areogun gbajúgbajà agbẹ́gilére, tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fákẹ́yẹ yìí náà ló padà gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i, ẹ̀bùn náà ti wà nílẹ̀. Jíjókòó ti ọ̀gá tó ń rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ lójoojúmọ́ ló sọ ẹ̀bùn náà di iṣẹ́ tí ayé mọ̀.

Ilé-ìwé kékeré lè yá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lò, kò sì ní ná an ní owó púpọ̀. Ní àdúgbò yòówù kó wà, aláró lè wà níbẹ̀, tàbí onílù, tàbí télọ̀, tàbí rewáyà, tàbí ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé máa ń pe òṣìṣẹ́ báńkì àti lọ́yà wá ní ọjọ́ kan láàrin ọdún kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó dára, àmọ́ ọmọ kì í mọ iṣẹ́ nípa gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ máa wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún táàmù kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ba aṣọ jẹ́ lójú rẹ̀, kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tún un rán.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ilé-ìwé kan wà ní Leiston, ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Summerhill, èyí tí A. S. Neill dá sílẹ̀ ní 1921. Ibẹ̀ kéré, gbogbo ọmọ àti olùkọ́ sì máa ń jọ ṣe ìpàdé, ìbò ọmọ kékeré àti ìbò tíṣà sì dọ́gba. Ọmọ tí kò bá fẹ́ wọ kíláàsì níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fi ipá mú un. Ti kíláàsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní òun ò ṣe ìṣirò kò tíì mọ ohun tó ń gbé sọnù. Ìpàdé náà ni mo fẹ́ kí a mú. Kí ni yóò ṣe ilé-ìwé bí àwọn ọmọ bá jókòó, tí wọ́n jọ pinnu ẹgbẹ́ tí wọn yóò dá sílẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀, tàbí ohun tí wọn yóò fi owó eré ìdárayá rà? Ọmọ lè kúnlẹ̀ kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ láti kékeré bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ohun tó wù ú fún àgbà, ojú kò ní tì í nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe.

Láti 2011 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọmọ girama àgbà mú iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ 34 ni wọ́n tò sílẹ̀ nígbà náà: aṣọ rírán wà níbẹ̀, fọ́tò yíyà, oúnjẹ sísè, ẹja sísìn, fóònù títúnṣe. Inú mi bàjẹ́ sí bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣe ṣe é. Wọ́n yan èyí tí kò ná wọn lówó, wọ́n fún gbogbo ọmọ ní ẹyọ kan náà, ọmọ sì da nóòtì ẹja sísìn kọ láì fojú kan odò ẹja. Níbi tí ọmọ kíláàsì kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ mẹ́rin máa lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja tó wà ní òpópónà kejì, kí mẹ́rin mìíràn wà lọ́dọ̀ ayafọ́tò, kí tíṣà sì máa yí wọn ká.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ yín náà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọmọ á ní ìlù ló wu òun ní táàmù kìíní, á ní àwòrán ní ìkejì, á di ayò ní ìkẹta, ẹ̀yin á sì máa ronú owó tí ẹ ti ná. Kì í ṣe ìwà àìdúró sójú kan. Ó ń wá ni. Òfin kan ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti fi lélẹ̀: ohun tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀, kó parí táàmù náà kó tó fi í sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ á mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tó le àti ohun tí kò wù ú. Ẹ má sì tètè sọ ọmọ lórúkọ. Ó ya àwòrán kan tó dára, ẹ ti ń pè é ní ayàwòrán lójú ẹbí. Bí ọkàn rẹ̀ bá yí lọ́la, ojú á tì í láti sọ. Èyí tó burú jù ni kí ọmọ máa fi ayọ̀ gbé ohun tó fọwọ́ ṣe bọ̀ láti ilé-ìwé, kí bàbá má tilẹ̀ wò ó, kó sọ pé, "Dókítà ni ìwọ yóò ṣe ní tìrẹ."

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, èyí sì ni àìsàn ilé-ìwé kékeré. Yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè má sí. Ẹnì kan náà lè máa kọ́ fisíìsì àti ìṣirò àti kẹ́mísìrì. Nítorí pé owó oṣù kéré, tíṣà tó ti mọ ọmọ yín dáadáa lè kúrò kí ọdún tó yí po, ohun tó mọ̀ nípa ọmọ náà á sì bá a lọ. Mo bẹ àwọn onílé-ìwé: ilé-ìwé mẹ́ta ní àdúgbò kan lè jọ gba olùkọ́ orin kan ṣoṣo, wọ́n lè jọ san owó yàrá sáyẹ́ǹsì níbi tí ó wà. Kí ẹ tó fi owó kun géètì, ẹ fi kún owó oṣù tíṣà. Kí tíṣà sì máa kọ ohun tó bá rí lára ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, yàtọ̀ sí máàkì, kí ẹni tó bá gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ lè bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá ilé-ìwé fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i, àti bóyá ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò WAEC, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ilé-ìwé ẹlòmíràn fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má lọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjẹyọ, nígbà tí wọ́n ti ta kánópì tí wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọn yóò sọ. Ẹ lọ ní ọjọ́ ẹgbẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ohun èlò wà fún yín, kí ẹ rí i bóyá eruku ti bo àwọn dùùrù àti máíkírósíkópù náà tàbí ọwọ́ ọmọ ti dán wọn. Ẹ pe ọmọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní táàmù tó kọjá tí kò sí nínú ìdánwò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń wo ojú ara wọn, ẹ má tíì ra fọ́ọ̀mù.